Bàtà Kì Í Sọ Ẹrù Kalẹ̀

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ń sáré ni pé irú bàtà wo ni kí àwọn rà. Wọn kì í béèrè iye ọjọ́ tí mo ń sá lọ́sẹ̀, wọn kì í béèrè bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàtà ni ọ̀rọ̀ wọn. Mi ò bá wọn wí. Nígbà tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbà pé ẹni tó bá ti rí bàtà gidi rà ti bọ́ lọ́wọ́ ìrora. Ojúgun mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gìgísẹ̀ mi tún un sọ. Nígbà tí orókún fi máa dá sí i, mo ti ń gbọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé mi dé ìdí eré sísá. Olùkọ́ ni mí, orí ìdúró ni mo ń wà láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ìdúró nínú kíláàsì kì í ṣe eré ìmárale. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ní kí n máa rìn kíákíá láràárọ̀. Ìrìn yẹn di kí n sá díẹ̀ kí n rìn díẹ̀, nígbà tó yá ó di eré. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú olókè ni. Ẹ kúrò ní Dùgbẹ̀ báyìí, Mọ́kọ́lá ló kàn. Òkè Ààrẹ ń bẹ níbẹ̀, Mápó ń bẹ níbẹ̀. Àwa mélòó kan wá di ẹgbẹ́, a ń pàdé ní ìdájí kí ọkọ̀ tó kún ojú títì, a sì ń bá ara wa rojọ́ bí a ṣe ń sá.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ eré Èkó wọlé. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá Lagos City Marathon, láti pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic, tí àwọn sárésáré sì gba orí afárá Third Mainland kọjá. Kìlómítà 42.195 ni, bí ti gbogbo máratọ́ọ̀nù ní àgbáyé. Àwọn kan nínú wa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ní ọdún tó ń bọ̀ àwọn náà yóò wà níbẹ̀. Èmi náà ní mo ń bá wọn lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni eré mi ti yí padà: ọ̀nà tó gùn, òkè tó pọ̀, ọjọ́ ìsinmi tó dín kù.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ ohun kan dáadáa, nítorí òun ni orísun èyí tó pọ̀ jù nínú ìpalára tó ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré: èémí máa ń ṣáájú eegun. Bí èèyàn bá ń sá déédéé, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí èémí rẹ̀ á fi já gaara, òkè tó ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀ á sì di ohun tó ń sọ̀rọ̀ gùn. Ara á wá máa sọ fún un pé ó ti tó tán. Ṣùgbọ́n eegun ní ìṣirò tirẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ tí eegun ń ṣe bá pọ̀ sí i, ara á kọ́kọ́ jẹ apá tó ti gbó kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó fi tuntun dí àyè náà. Ní àárín ìgbà tí ti àtijọ́ ti kúrò tí tuntun kò sì tíì gan, eegun náà kò lágbára tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, ó sì lè di iṣẹ́ oṣù. Ẹni tó bá ń da kìlómítà lé kìlómítà ní àkókò yẹn, orí eegun tí ara kò tíì tún ṣe tán ló ń sá.

Ìrora mi bẹ̀rẹ̀ ní ìhà inú ojúgun, níbi tí ẹran ti bá eegun pàdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á dùn mí bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, á sì lọ bí ara bá ti gbóná. Lílọ tó ń lọ yẹn ló jẹ́ kí n máa sá. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́ títí eré fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń bá mi gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé.

Kò sí ẹni tó rí mi tí kò ní oògùn tirẹ̀. Wọ́n ní kí n fi róòbù ra á, kí n fi omi gbígbóná jó o, kí n lọ rí teguntegun kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn teguntegun wa. Wọ́n ti ń to eegun fún àwọn bàbá ńlá wa kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n ojúgun tí eegun rẹ̀ ń rò láti là kò fẹ́ àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa jẹ́ kí wọ́n fi agbára ra tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀.

Onímọ̀ fisiotẹ́rápì kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ni mo lọ bá. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ó sì ní sùúrù ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ojúgun mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wo ojú mi bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní bí ìrora bá nà gbọọrọ lẹ́bàá eegun, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun àti etí eegun náà ló ń ṣàárẹ̀, kí a dín eré kù, á lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kan péré, tí ìka kan bò, tó ń dunni lórí eegun gan-an, tó tún ń dunni lóru nígbà tí a ti dùbúlẹ̀, kí a fura sí i pé eegun ti ń là. Ó tún sọ ohun kan tí mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà: X-ray lè máà fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ hàn ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n bá ya fọ́tò rẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, tí ojú kan yẹn ṣì ń dùn ún, kó má tíì padà sójú ọ̀nà.

Tèmi nà gbọọrọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé bàtà mi wá kí òun wò ó.

Lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń tẹ́ òkìríkà sí ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti rà á. Ó ti fi ìdí rẹ̀ hàn mí dáadáa lọ́jọ́ náà: “Mọ́mì, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò tíì jẹ rárá. Ojúlówó lẹ̀ ń wò yìí o.” Kò purọ́. Ojúlówó ni, ìdí rẹ̀ kò sì tíì jẹ. Ohun tó wà láàárín ìdí bàtà àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni èmi àti òun kò wò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàtà eré sísá wà. Fóòmù ni. Nínú ọ̀pọ̀ bàtà, EVA ni wọ́n ń pè é, ike tó kún fún ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tẹ àwọn ihò yìí mọ́lẹ̀, bó bá sì pẹ́, wọn kì í dìde tán mọ́. Àwọn tó ń ṣe bàtà sábà máa ń ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín kìlómítà 500 sí 800. Ṣùgbọ́n bàtà tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ náà ń gbó. Ọdún tó fi wà nínú sítóò ní ìlú òyìnbó, ooru inú kọ̀ntéénà lórí òkun, oòrùn tó pa á lórí àtẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ fóòmù di líle tó sì ń ba gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ jẹ́.

Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má ra òkìríkà. Bàtà eré sísá gidi tó jẹ́ tuntun lè ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà lọ, ìyẹn 70,000 náírà tí ìjọba fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024. Kò sí bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ ṣe máa gbọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ tí kò ní padà sídìí àtẹ. Èmi náà ṣì ń rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mò ń wò. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà. Bí kò bá wọlé rárá, tàbí tó wọlé tí kò padà, mo fi sílẹ̀. Mo máa ń wò ó bóyá ó ti hun jọ ní ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀. Mo máa ń di iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú kí n tẹ̀ ẹ́: ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká ló yẹ kó ti ká, kì í ṣe àárín. Mo tún máa ń wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà lẹ́yìn ahọ́n bàtà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe bàtà síbẹ̀. Lórí gbogbo rẹ̀, mo máa ń gbé méjèèjì ka orí ohun tó tẹ́jú kí n sì wo gìgísẹ̀ wọn láti ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin fisiotẹ́rápì yẹn ló kọ́ mi ní èyí. Ó gbé tèmi ka orí tábìlì rẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ti ọ̀tún ti tẹ̀ sí inú. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, níbikíbi tó bá wà láyé, ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tèmi kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Síbẹ̀ kò jẹ́ kí n di ẹ̀bi náà ru bàtà. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe ń sá kí n tó gbọ́ nípa eré Èkó, ó sì bi mí pé báwo ni mo ṣe wá ń sá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo dáhùn, ó ní, “Mà, kò sí bàtà tó lè ru ìyàtọ̀ yẹn fún yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dání láti ìgbà náà. Obìnrin tó bá sọ ẹrù kúrò lórí tó wá pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ti fún ọrùn ní ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹrù náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ló kàn. Bí bàtà ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sí bàtà tó ń sọ ẹrù eré sísá kalẹ̀. Ó ń ṣí i nípò ni, láti ibì kan lára sí ibòmíràn, ibi tó bá sì gba ẹrù náà ní láti ti múra sílẹ̀ fún un.

Gìgísẹ̀ ló jẹ́ kí èyí yé mi dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

Lásìkò tí ojúgun mi ń sàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn kan ń sọ pé bàtà tó rọ̀ gan-an ló ba ẹsẹ̀ aráyé jẹ́, pé ká padà sí bàtà pẹlẹbẹ tàbí ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n ní ẹ̀rí. Ní 1960, ní Róòmù, Abebe Bikila ará Ethiopia fi ẹsẹ̀ lásán sá máratọ́ọ̀nù Òlíḿpíìkì, ó sì gba góòlù pẹ̀lú wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní 2010, ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Lieberman ti Yunifásítì Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó ti mọ́ lára láti sá láìwọ bàtà sábà máa ń fi iwájú ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lójijì. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò sọ pé ẹni tó bá bọ́ bàtà kò ní farapa mọ́, Bikila pàápàá kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ní Tokyo, ó wọ bàtà, ó tún gba góòlù, ó sì yára ju ti Róòmù lọ: wákàtí 2, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ látìgbà pípẹ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Èmi ẹ̀wẹ̀, bàtà gìgísẹ̀ gíga ni mo fi ń kọ́ni láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́.

Mo gba bàtà pẹlẹbẹ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo sì fi ń sá gbogbo ọ̀nà tí mo ti ń fi ti àtijọ́ sá. Bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi mìlímítà 10 tàbí 12 ga ju iwájú lọ máa ń jẹ́ kí orókún ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí gíga yẹn bá wálẹ̀ sí 4 tàbí sí òdo, orókún á mí, ṣùgbọ́n ẹran ẹ̀yìn ojúgun àti iṣan ńlá tó so ó mọ́ gìgísẹ̀ ló máa gba ohun tí orókún jọ̀wọ́. Tèmi kò mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀. Kò pẹ́ tí iṣan náà fi wú, tó le, tó sì jẹ́ pé láàárọ̀ mo ń fi ọwọ́ di ògiri mú láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó wò ó sàn kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ní 1998, dókítà Håkan Alfredson ti ilẹ̀ Sweden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú ìrora yìí. Ó di ìtàn tí àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì ń sọ fún ara wọn pé òun fúnra rẹ̀ ló ní ìrora náà, pé kò rí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ló bá ní òun á máa fi eré ìmárale ni iṣan náà lára títí yóò fi bàjẹ́ tó láti là. Dípò kó bàjẹ́, ó sàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ẹ fi iwájú ẹsẹ̀ dúró létí àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ara sókè, ẹ wá fi èyí tó ń dùn nìkan sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá etí àtẹ̀gùn. Ìgbà 15, ọ̀nà mẹ́ta. Orókún gbọọrọ, lẹ́yìn náà orókún ká díẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àtẹ̀gùn ilé wa ni mo lò. Ó ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é, wọ́n sì ti sọ fún mi pé á dùn. Kò sí ohun tí mo ti ṣe fún ẹsẹ̀ mi, bàtà wà nínú rẹ̀, tó tó ọ̀sẹ̀ 12 yẹn. Títí di òní mo ṣì ń ṣe é bí mo bá ń dúró de omi kó hó.

Ti orókún kò gùn. Ìsọ̀kalẹ̀ Mọ́kọ́lá ló fà á, àti ẹ̀bá títì. Gígun òkè ń mú èèyàn mí, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ló ń fi orókún jìyà, nítorí iwájú itan ló ń di ara mú ní gbogbo ìgbésẹ̀ kó má baà yí gbirigbiri lọ. Títì tiwa tún tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi lè ṣàn sí gọ́tà. Bí a bá ń dojú kọ ọkọ̀ bó ṣe yẹ, apá òsì la máa ń wà, ẹsẹ̀ òsì a sì máa wà nísàlẹ̀ ju ọ̀tún lọ ní gbogbo ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sọ̀kalẹ̀ níbi tó ga jù, mo sì gé ìgbésẹ̀ mi kúrú. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Wisconsin fi hàn ní 2011 pé bí èèyàn bá fi ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan láìyára sí i, ohun tí orókún àti ìbàdí ń gbé á dín kù. Èmi lè jẹ́rìí sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn tó ń ta bàtà ń sọ ni pé kí a wo àárín àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, bàtà báyìí. Bí ó bá tẹ̀ kọ́lọ́, bàtà báyìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà dán an wò lára àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti òfuurufú àti Marine, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde láàárín 2009 sí 2010. Wọ́n fún àwọn kan ní bàtà gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti rí, wọ́n fún àwọn yòókù ní irú kan náà láìwo ẹsẹ̀ wọn. Kò sí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan láàárín àwọn tó farapa ní ìhà méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benno Nigg ti Yunifásítì Calgary ní Kánádà, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí bàtà, dábàá ní 2015 pé bí bàtà bá ṣe tu èèyàn lára ni kó fi yàn án, nítorí ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà tó rọrùn fún un láti gbà rìn. Mo gbà á gbọ́, nítorí gbogbo bàtà tó pa mí lára ni kò tù mí lára láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé á là ni.

Bàtà eré sísá kì í là. Ẹ má ra èyí tó fún yín, kí ẹ sì máa retí pé á gbòòrò.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń wú lójú eré nìyẹn, pàápàá nínú ooru tiwa. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń sá dání. Ẹ dìde dúró nínú bàtà náà, ẹ má jókòó wọ̀n ọ́n, kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ sì wà ní iwájú ìka tó gùn jù, tó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Èékánná tó ń di dúdú lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀, àìsí àyè yìí ló ń fà á. Ẹ fi ẹsẹ̀ tó tóbi jù nínú méjèèjì wọ̀n ọ́n. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí ẹ ti ń wọ̀ láti ọdọ́. 40 ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ 41 lọ́dọ̀ òmíràn, ẹsẹ̀ obìnrin tó ti bímọ sì lè gùn sí i kó má padà mọ́. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé pépà tí ẹ sì wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí ohun tí ẹ lè fi wé nọ́ńbà sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sẹ́yìn ahọ́n bàtà. Lẹ́yìn náà ẹ sá. Kì í ṣe kí ẹ rìn yípo, ẹ sá, kódà bí ó bá jẹ́ lẹ́bàá àtẹ lójú gbogbo ayé. Ọmọ tó ń ta bàtà fún mi báyìí ti mọ̀ mí. Á ní, “Mọ́mì, ẹ sá a lọ síbẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ padà,” á sì bá mi lé àwọn ọlọ́kadà kúrò lọ́nà.

Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí èyí. Ní oṣù keje 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré mítà 100 onídènà, kò sì sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàtà onírin tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń sá ọ̀nà jíjìn ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ti àwọn eléré kúkúrú. Ó ṣàlàyé pé ìrora ti dá òun dúró díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà, òun sì ní kí àwọn tó ń ṣe bàtà fún òun fún òun ní èyí tí ìdí rẹ̀ rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ, kò wo ohun tí gbogbo èèyàn ń wọ̀.

Nípa àwọn bàtà tuntun tó ga bí àpótí, tó ní pátákó carbon nínú, tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí léèrè: wọ́n yára lóòótọ́, àjọ World Athletics sì ti fi òfin dè wọ́n ní 2020 pé ìdí wọn kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 40 lọ lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹrù náà ń ṣí lọ síbì kan. Ní 2023 àwọn dókítà kan ròyìn àwọn sárésáré tí eegun àárín ẹsẹ̀ wọn là lẹ́yìn tí wọ́n lo irú bàtà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Bí owó bá wà, bàtà méjì tí kò jọra tí ẹ ó máa pààrọ̀ ni kí ẹ fi rà. Ìwádìí kan ní Luxembourg rí i pé àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò farapa tó àwọn tó ń fi ọ̀kan ṣoṣo sá. Tuntun náà, kìlómítà díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fi í sá. Bí òjò bá pa á, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ má sá a sí oòrùn ọ̀sán.

Ní 2025, àwọn olùwádìí láti Denmark tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe lára àwọn sárésáré tó lé ní 5,000. Wọ́n rí i pé kì í ṣe àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe jù, bí kò ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo tí a bá sá kọjá ibi tó jìnnà jù tí a ti sá dé ní ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn. Bí ọjọ́ náà bá ti fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá rẹ̀, ewu ti ń pọ̀ sí i. Nígbà tí mo kà á, mo rántí gbogbo àárọ̀ Sátidé tí àwa ẹgbẹ́ ń sọ fún ara wa pé, ẹ jẹ́ ká kàn dé iwájú díẹ̀ sí i.

Mi ò bá wọn sá kìlómítà 42 lọ́dún yẹn. Nígbà tí mo lọ sí Èkó níkẹyìn, kìlómítà 10 ni mo sá, mo sì fi ẹsẹ̀ mi rìn dé ibi tí a gbé ọkọ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ti ọdún tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín: bí ìrora bá wà lójú kan lórí eegun, tó ń jí yín lóru, ẹ dá eré dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra á, ẹ má sì lọ ra bàtà mìíràn nítorí rẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà eegun tàbí onímọ̀ fisiotẹ́rápì. Ọdọọdún ni wọ́n ń sá eré Èkó.